Bí Tíṣà Ṣe Kúrò ní Ilé Aṣòfin Ìlú Ọba, àti Bí Bàbá Wa Ṣe Tẹ̀lé E

Ẹ fa àga yín súnmọ́ ibí. Ẹni tí kò bá rí àga, kó dojú garawa dé, kó jókòó lé e. Orí garawa ni èmi náà jókòó sí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ má bi mí léèrè ọdún tó jẹ́. Ọdún tí omi ẹ̀rọ dá ní Kílóòsì wa, àdúgbò kékeré tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ni, nígbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba, tí kò sí ilé aṣòfin kankan ní gbogbo Nàìjíríà. Aṣojú kan ṣoṣo tí àwa ará Kílóòsì wa ní Fẹ́sítáàkì ní láyé nígbà náà, òyìnbó ni, ìlú òyìnbó ló ń gbé, àwọn òyìnbó ló sì dìbò fún un. Kò mọ̀ pé òun ń ṣojú wa. Bàbá mi nìkan ló mọ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Bàbá mi, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fún nílé ní Fẹ́sítáàkì nígbà tí àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ àwọn ilé náà kó jáde tán. Alága ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, nítorí àwọn ni alága ẹgbẹ́ àwọn ará Kílóòsì láti ọjọ́ tí a ti kó débẹ̀. Nǹkan méjì ni wọ́n gbà gbọ́ lẹ́yìn Ọlọ́run: ìwé tí a kọ dáadáa tí a sì fi síwájú ẹni tó yẹ, àti Tíṣà. Tíṣà ni òyìnbó tó kọ́ wọn ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Ìjẹ̀bú. Ọkùnrin gíga kan ni, wọ́n ní fúnra rẹ̀ ló máa ń lu aago ilé ìwé nítorí pé kò fọkàn tán aago ẹnikẹ́ni. Nígbà tó padà sílé, ó ń kọ̀wé sí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn yòókù dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ò dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, lẹ́tà aláwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò dé, èmi ni mo sì máa ń kà á sókè fún gbogbo ilé, kí Gẹ̀ẹ́sì mi lè dán. Bàbá yóò dìde dúró gbọ́ ọ. Wọn kì í jókòó gbọ́ lẹ́tà Tíṣà.

Bí a ṣe ń kà á ni ìgbésí ayé ọkùnrin náà ń lọ níwájú wa bí ẹni ń wo ọkọ̀ ojú irin. Ó ní òun fẹ́ du ipò aṣòfin ní ìlú òun tó wà létí òkun. Ó fìdí rẹmi. Bàbá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó tún du ipò náà, ó tún fìdí rẹmi, Bàbá sì ní bóyá nítorí omi tí àwọn mu lọ́jọ́ kejì ààwẹ̀ ni. Ní ìgbà kẹta, ó ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé nínú òjò, ajá ilé kan sì bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì kọjá sí ilé kejì. Nígbà tí mo ka ìyẹn, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, gbójú sókè láti ibi tí wọ́n ti ń rin ewùrà.

"Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá?"

"Lọ́wọ́ ẹni tó ni ajá, Màmá," ni Bàbá dáhùn.

"Ẹni tó bá fẹ́ ipò tó báyẹn," ni Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì padà sídìí ewùrà wọn, "ẹ bá wa máa gbàdúrà fún un."

Ó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta náà. Bàbá ra bísíkíìtì fún gbogbo ọmọ Kílóòsì. Láti ìgbà náà ni Tíṣà ti jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ní Ilé Aṣòfin, tó ń béèrè ìbéèrè nípa ẹja. Ọdún méje ló fi béèrè nípa ẹja kí wọ́n tó fi ṣe igbákejì mínísítà kan tó ń rí sí èbúté. Nígbà tí lẹ́tà yẹn dé, Bàbá dúró pẹ́ lórí ìdúró lẹ́yìn tí mo kà á tán, bí ẹni tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè fún.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí àárọ̀ ilé wa ṣe ń dún. Rédíò Lọ́ńdọ̀nù ló ń kọ́kọ́ jí, a sì máa ń gbọ́ aago ńlá wọn nínú rẹ̀ kí àkùkọ tó ráyè sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni adìyẹ Màmá mi tó wà lẹ́yìnkùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí oúnjẹ. Ìyá Àgbà á kọ orin ìyìn méjì, á sì fi ìpè orúkọ wa ṣe ègbè ìkẹta. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń wí yìí, ariwo garawa ló bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ń mí èémí gbígbẹ lásán. Kí a tó lọ sílé ìwé, èmi àti Ẹ̀gbọ́n mi Wálé á lọ pọnmi láti kànga ìdílé kan ní Kuje, abúlé tó wà lẹ́yìn Fẹ́sítáàkì, a ó rìn lọ, a ó rìn bọ̀, omi á máa ta sí wa lọ́rùn, bí a bá sì dé ilé, ìdajì garawa ló máa ń kù. Màmá á wo garawa, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ìyókù ńkọ́?" bíi pé mo tà á lójú ọ̀nà.

Nínú lẹ́tà kan, Tíṣà ti sọ fún wa pé ní gbogbo Sátidé, òun máa ń jókòó sí yàrá kékeré kan ní ìlú òun, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́ wá rò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá lára. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé tábìlì sí yàrá iwájú, yàrá tí Màmá ti ń tọrọ láti ọdún mẹ́ta kí àwọn lè gbé máṣíìnì ìránṣọ wọn sí, wọ́n sì jókòó. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń wá nítorí ìkọ́kọrẹ́ Ìyá Àgbà tó máa ń wà lórí iná ní Sátidé, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹjọ́ ló ń gbé wọn wá. Obìnrin kan wá fẹjọ́ sun pé ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ wíìgì òun lórí okùn aṣọ. Ọkùnrin kan wá nítorí soakawéè, kòtò omi ìdọ̀tí ilé, tó ń tú jáde. Bàbá á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Tíṣà. Kò sí ìgbà tí Tíṣà kò fèsì. Ó ní òun ti ka ọ̀ràn ewúrẹ́ náà, ó sì dun òun. Bàbá lọ ka ìyẹn sí obìnrin oníwíìgì létí. Ara tù ú gan-an. Ẹni tó ni ewúrẹ́ pàápàá wá tọrọ gáfárà, ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé Lọ́ńdọ̀nù.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ omi ṣe débẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ Kílóòsì ni Daddy Ńgózi, ará Ìlà-Oòrùn kan tó ti gbé Èkó pẹ́ débi pé bí inú bá ń bí i, Yorùbá ló fi ń bú ọmọ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ mú un wá sí ìpàdé pé kí gbogbo wa jọ gbẹ́ kànga. Bàbá dìde, wọ́n ní kò sí ohun tó kàn wá kan kànga. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé sí Tíṣà, Tíṣà sì ti ní òun á bá aṣojú ìjọba wọn tó wà ní Èkó sọ̀rọ̀, aṣojú náà á sì bá àwọn tó ni omi sọ̀rọ̀. "Ẹ dúró díẹ̀," ni Bàbá wí. "Ẹ fún mi ní oṣù méjì. Omi á yọ."

"Alága, ṣé ó dá yín lójú?" ni Daddy Ńgózi bi wọ́n.

"Ó dá mi lójú bí orúkọ mi."

Wọ́n dúró. Gbogbo Kílóòsì dúró, ṣọ́bìrì sinmi, èmi sì ń lọ sí Kuje.

Oṣù kan ààbọ̀ ti lọ nígbà tí Bọ̀dá Kúnlé, aládùúgbò wa, wá. Pápákọ̀ òfurufú ni Bọ̀dá Kúnlé ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń kó ìwé ìròyìn tí àwọn èrò ọkọ̀ bá fi sílẹ̀ wálé. Ó na ọ̀kan sí Bàbá, ó fi ìka tẹ igun ìsàlẹ̀ ojú ewé kan.

"Alága, mo rí orúkọ ọkùnrin yín. Kékeré ni wọ́n kọ ọ́ o, àmọ́ orúkọ ẹ̀ ni."

Gbólóhùn kan péré ni. Ó ní wọ́n ti yan Tíṣà sí ipò Alábòójútó Ilẹ̀ Ṣílítáànù lábẹ́ Adé. Bàbá kà á, wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà. "Lábẹ́ Adé," ni wọ́n wí. Wọ́n pe Ìyá Àgbà. Wọ́n pe Màmá. Wọ́n ní kí n gbé ìwé àwòrán ayé wá, wọ́n sì wá Ṣílítáànù títí wọ́n fi rí i. Ilẹ̀ òkè ni.

"Ilẹ̀ òkè máa ń tutù," ni Bàbá wí. "Wọ́n fẹ́ kí ara tù ú."

Bọ̀dá Kúnlé béèrè bóyá bíi gómìnà ni. Bàbá ní bíi gómìnà ni, ṣùgbọ́n lábẹ́ Adé.

Màmá nìkan ni kò tíì rẹ́rìn-ín. "Bàbá Wálé," ni wọ́n wí, "bí wọ́n bá gbé èèyàn ga, ṣé igun ìsàlẹ̀ ìwé ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí?"

"Àwọn òyìnbó kì í pariwo, Ìyá Wálé."

"Ó dáa. Èwo nínú àwọn adìyẹ mi lẹ fẹ́?"

Méjì ni wọ́n fẹ́. Ní ọjọ́ Sunday, gbogbo ilé wa jó jáde lọ síwájú pẹpẹ, pẹ̀lú iṣu kan àti àgbébọ̀ adìyẹ méjì tó ṣì ń yé ẹyin, àwọn ará Kílóòsì sì jó tẹ̀lé wa, nítorí bí Tíṣà bá ga, omi ti dé náà nìyẹn. Pásítọ̀ béèrè pé kí la ń dúpẹ́ fún. Bàbá ní ìgbéga. Gbogbo ìjọ hó yèè. Mo ti ń ronú nípa ọjọ́ yẹn láti ìgbà náà, mo sì gbà pé nínú gbogbo ìjọ tó wà lórí ilẹ̀ ayé, tiwa nìkan ló bú sí ijó lọ́jọ́ náà nítorí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òyìnbó kan.

Lẹ́tà Tíṣà dé ní ọjọ́ Thursday. Màmá àti Ìyá Àgbà ti lọ sọ́jà ní Alákijà, èmi àti Bàbá nìkan la wà nílé. Bàbá dìde dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tíṣà ní òun dìde ní Ilé lọ́jọ́ kan, òun sì sọ fún àwọn aṣòfin pé ògiri èbúté kan ní ìlú àwọn apẹja dúró ṣinṣin. Àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ ọ́ fún òun, òun ò sì lọ wò ó. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ògiri wó sínú òkun. Kò pa ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ ẹja mẹ́ta ló tẹ̀ rì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó dákẹ́, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn èèyàn á ti gbàgbé. Ó ní òun gbà pé wọ́n á gbàgbé, ṣùgbọ́n àwọn apẹja ti gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́, wọ́n sì so ọkọ̀ wọn mọ́ ògiri yẹn. Torí náà òun ti lọ. Ó ní ní ìlú àwọn, ẹni tí wọ́n bá dìbò yàn kò lè kàn sọ pé òun ò ṣe mọ́, òfin àtijọ́ kan kò gbà fún un. Ọ̀nà tó wà ni kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ lábẹ́ Adé, nítorí ẹni tó bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó ní Ilé mọ́. Wọ́n wá tọ́jú iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú, ìyẹn ni àbójútó àwọn òkè kan tí àwọn olè ń sá pamọ́ sí láyé ọjọ́un. Olè kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ní ìparí, ó ní ó dun òun pé òun ò tíì rí aṣojú ìjọba àwọn ní Èkó bá sọ̀rọ̀ nípa omi wa kí òun tó kúrò, àti pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́ tòun mọ́ báyìí.

"Padà síbi òkè yẹn," ni Bàbá wí. "Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Ibi omi."

Mo ka ibi omi.

Bàbá jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí wọn tí wọ́n jókòó pẹ̀lú lẹ́tà Tíṣà. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n sì tì í bọ àpò.

"Bọ́lá, lẹ́tà yìí ò tíì dé."

"Ó ti dé, sà."

"Kò tíì dé."

Mo gbọ́ wọn yé. Bí Bàbá bá sọ ọ́, gbogbo Kílóòsì á mọ̀ pé ìlérí òfo ni Bàbá fi ní kí àwọn dúró, wọ́n á sì mọ̀ pé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ẹlòmíràn ni àwọn jó ijó ọpẹ́ lé lórí, orúkọ tí Bàbá fi gbogbo ayé wọn kọ́ yóò di ẹ̀rín. Bí wọn ò bá sì sọ ọ́, ṣọ́bìrì yóò máa sinmi, a ó sì máa dúró de omi tí ẹnikẹ́ni ò rán. Mo mọ èyí tí ọrùn mi fẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni.

Sátidé dé, Bàbá jókòó sídìí tábìlì wọn. Àwọn èèyàn ń kí wọn kú oríire, wọ́n ń béèrè omi, Bàbá sì ń sọ pé nǹkan ń lọ lábẹ́lẹ̀. Sátidé kejì dé, ó rí bákan náà, àfi pé wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Wọ́n kàn ń mi orí. Ìyá Àgbà bu ìkọ́kọrẹ́ fún wọn, ó tutù sínú àwo.

"Àkànní, o ò jẹun."

"Inú ló ń run mí, Màmá."

"Ẹni tí inú ń run kì í máa wo ẹnu ọ̀nà báyẹn." Wọ́n yíjú sí mi. "Bọ́lá, kí ló ń ṣe bàbá ẹ?"

Wọn ò kọ́ mi kí n purọ́ fún àgbà, wọn ò sì kọ́ mi kí n tú àṣírí Bàbá. Mo wá ọ̀rọ̀ tó lè gba àárín méjèèjì kọjá. "Lẹ́tà kan ni kò dé, Mà."

"Èwo ni kò dé?"

"Èyí tí mo kà."

Bàbá pa ojú dé. Ìyá Àgbà na ọwọ́, Bàbá sì yọ lẹ́tà náà nínú àpò. Nítorí pé Ìyá Àgbà ò mọ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ni mo tún kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ògiri ni wọ́n ní kí n tún sọ. Lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tìẹ ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò tíì jìnnà sílé."

"Màmá, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Wọ́n á ní mo kó gbogbo ìjọ jó."

"Ṣé o ò kó wọn jó ni?"

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Wo ọrùn ọmọ yìí," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìwọ ni Tíṣà tiẹ̀, ọ̀rọ̀ tìẹ ló gbára lé bí àwọn apẹja ṣe gbára lé ògiri."

Bàbá pe ìpàdé sí ọ̀sán ọjọ́ Sunday, níwájú ilé wa. Bàbá wọ kóòtù ọ́fíìsì, wọ́n sì de táì nínú ooru yẹn. Wọ́n ka lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, wọn ò fo nǹkan kan. Wọ́n kà á tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bọ̀dá Kúnlé ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, a mà ti dúpẹ́ tán kí Alága tó sọ fún wa." Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́. Obìnrin oníwíìgì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹnìkan béèrè bóyá Ọlọ́run máa dá àwọn adìyẹ wọ̀nyẹn padà. Màmá ní, "Méjì ni wọ́n o. Wọ́n sì ń yé." Bàbá dúró láàárín ẹ̀rín náà pẹ̀lú táì lọ́rùn, wọ́n dúró dè é kó lọ sílẹ̀ bí ẹni ń dúró de òjò. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n ní:

"Mo sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ sì dúró lé e. Mo fi ipò alága sílẹ̀."

Ẹ̀rín gé bí okùn. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí wa. Òkú ló ń fi ipò sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tàbí ẹni tí inú ń bí. Bàbá ò kú, torí náà gbogbo wọn gbà pé inú ń bí wọn. Bọ̀dá Kúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn. "Alága, ẹ má bínú, eré ni mò ń ṣe! Ọmọdé ló ń ṣe mí!" Obìnrin oníwíìgì kúnlẹ̀. Ọkùnrin oní-soakawéè ní, "Ta ló ṣẹ̀ yín? Ẹ dárúkọ ẹ̀, ká bá a wí níbí."

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín."

"Nítorí pé ẹ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀?" ni obìnrin náà wí. "Ta ni kì í sọ ọ́? Ṣé àwọn tó wà níjọba yìí kì í sọ ọ́ lórí rédíò lójoojúmọ́ ni?" Gbogbo wa kọ́kọ́ wo ojú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó mí.

Daddy Ńgózi gbé ìwé òfin ẹgbẹ́ jáde. Ó ní kò rọrùn báyẹn o, nítorí Alága fúnra wọn ló kọ òfin náà. Ohun mẹ́ta ló lè mú alága kúrò: kó kú, kó ya wèrè, tàbí kó kó kúrò ní Fẹ́sítáàkì. Màmá ní, "Bàbá Wálé, èwo lẹ ń mú nínú ẹ̀, kí n lè mọ iye ẹni tí n ó sè fún lálẹ́?"

Bàbá ń wo ìwé òfin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ. Mo rí i pé bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá fi dandan mú wọn jókòó padà lórí àga yẹn, wọ́n á jókòó, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè la ẹnu sọ òótọ́ lórí rẹ̀ mọ́. Orí ìdúró ni wọ́n wà síbẹ̀. Ìyá Àgbà, tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́, ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Kí ni wọ́n ṣe fún òyìnbó náà? Wọn ò wá iṣẹ́ tí kò níṣẹ́ fún un? Ẹ wá irú ẹ̀ fún ọmọ tèmi náà."

Wákàtí kan ni wọ́n fi jiyàn lórí ìyẹn. Ẹnìkan ní kí wọ́n fi Bàbá ṣe Alábòójútó Gọ́tà. Wọn ò gbà, wọ́n ní iṣẹ́ wà nínú gọ́tà. Ẹlòmíràn ní Alábòójútó Géètì. Daddy Ńgózi ní géètì wà, bó bá wà, ẹnìkan lè ní kí wọ́n kùn ún lọ́dà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò sí rárá. Bọ̀dá Kúnlé, tó ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, gbórí sókè, ó béèrè pé, "Òpó iná mélòó ló wà ní Kílóòsì yìí?"

"Méjì," ni gbogbo wọn wí.

"Ẹ fi Alága ṣe Alábòójútó Òpó Kẹta."

Daddy Ńgózi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní níwọ̀n bí a kò ti ní Adé, òun á kọ ọ́ pé lábẹ́ Kílóòsì. Ó fi gbólóhùn kan kún un pé Alábòójútó Òpó Kẹta kò gbọdọ̀ jẹ́ alága. Bàbá tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èmi, wọ́n sì tú táì wọn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi Daddy Ńgózi jẹ alága. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé kí wọ́n gbé ṣọ́bìrì wá.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn ọmọ Kílóòsì fi ń pe Bàbá ní "Bàbá Òpó." Wọ́n ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga, àwọn náà wà nídìí okùn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fa iyanrìn sókè. Omi náà pọ́n díẹ̀, ó sì ń rùn bí irin, ṣùgbọ́n iwájú ilé wa ló wà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn èèyàn ò dáwọ́ Sátidé dúró. Kò sẹ́ni tó tún béèrè nǹkan tí Bàbá lè ṣe fún un. Wọ́n kàn ń wá bi wọ́n pé ṣé òótọ́ ni nǹkan báyìí. Bí Bàbá bá ní àwọn ò mọ̀, ẹni náà á dúpẹ́, á sì lọ, bíi pé wọ́n fún un ní nǹkan. Bàbá kọ gbogbo rẹ̀ sí Tíṣà. Èsì rẹ̀ ò gùn. Ó pe Bàbá ní alábàáṣiṣẹ́, ó sì béèrè bí òpó náà ṣe ń ṣe.

Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn kí Bàbá tó kú, nínú ilé kan náà, àárọ̀ ọjọ́ kan tí iná wà. Nígbà tí ìsìnkú parí, a pín nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi Wálé gba aago ọwọ́ àti kóòtù. Màmá gba yàrá iwájú níkẹyìn, máṣíìnì wọn wọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì sẹ́ni tó bá wọn jiyàn. Àga alága ti wà lọ́wọ́ Daddy Ńgózi tipẹ́, ó fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, òun ló ń jókòó lé e báyìí. Ó ku Òpó Kẹta. Ẹgbẹ́ pe ìpàdé lé e, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣófo, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń jáde kúrò nípò ní Kílóòsì yìí láìkú nìyẹn. Wọ́n fún mi.

Mo ti dì í mú láti ìgbà náà. Èèyàn mẹ́rin tó fẹ́ fi ipò wọn sílẹ̀ ti wá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n á mú un fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì dá a padà, torí ẹni tó bá ti jáde tán ò nílò ilẹ̀kùn mọ́. Ẹkẹrin wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe àkóso wọ́ọ̀sáàpù Kílóòsì. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé tiransífọ́mà tuntun ń bọ̀ ní Friday. Friday kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Mummy, wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń gba òpó." Mo ní kó wọlé, kó jókòó. Mo kọ ọ́ fún un, mo fọwọ́ sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ̀ balẹ̀, ó wá béèrè bóyá òun lè mú un dání bí òun bá kó lọ sí Ajah. Mo ní rárá o, ti Kílóòsì ni.